Àríyànjiyàn lórí Land Rover tuntun: Wọ́n ní ọkọ̀ àgbẹ̀ ti di ọkọ̀ olówó

Láti ọwọ́ akọ̀ròyìn wa

Ẹni tó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún ní ilẹ̀ Yorùbá kò nílò kí ẹnikẹ́ni júwe Land Rover fún òun. Ọkọ̀ onígun mẹ́rin bí àpótí ni, ariwo rẹ̀ á sì ti dé etí ará abúlé kí òun fúnra rẹ̀ tó yọ. Òun ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ máa ń gbé wọ oko kòkó lásìkò òjò, nígbà tí ọkọ̀ mìíràn bá ti rì sínú ẹrẹ̀. Òun ni àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ọba ń lò, òun náà ni àwọn ọlọ́pàá fi ń ya wọ ìlú. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ Leyland tó wà ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í to Land Rover pọ̀ níbẹ̀, tó fi jẹ́ pé àwọn ọmọ wa náà wà lára àwọn tó ń de nọ́ọ̀tì rẹ̀.

Ọkọ̀ yìí kan náà ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní ìlú Ọba, tí ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì tán nílẹ̀ títí di òní. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, níbi ìpàtẹ ọkọ̀ tó wáyé ní ìlú Frankfurt lórílẹ̀-èdè Jámánì, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ṣí aṣọ lójú Land Rover Defender tuntun. Ọkọ̀ náà kò tíì kúrò lórí àtẹ tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ fi pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan ní ọmọ tó jọ bàbá rẹ̀ ni, tó tún wá gbọ́n ju bàbá lọ. Àwọn mìíràn ní irọ́ ni, orúkọ nìkan ló jogún. Wọ́n ní ọkọ̀ tí àgbẹ̀ lè fi sípánà tún ṣe fúnra rẹ̀ ti kú, ọkọ̀ olówó ni wọ́n wá fi orúkọ òkú pè.

Ẹni tó bá gbọ́ ọ lókèèrè lè rò pé ìjà ẹwà lásán ni wọ́n ń jà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìbéèrè tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ èyí tí gbogbo ẹni tó ń fi irinṣẹ́ jẹun mọ̀ dunjú: bí ohun tí mo fowó mi rà bá bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ṣé èmi ni mo lágbára láti tún un ṣe, àbí ẹni tó tà á fún mi?

ORÍ IYANRÌN LÓ TI BẸ̀RẸ̀

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ẹ jẹ́ ká padà sí ọdún 1947. Ogun àgbáyé kejì ti parí, ṣùgbọ́n gbèsè ogun wà lọ́rùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Irin wọ́n bí ojú, ìjọba sì ń pín in. Ilé iṣẹ́ tó bá ń kó ọjà lọ sókè òkun láti mú owó wọlé ló ń rí irin gbà. Maurice Wilks ni olórí àwọn ẹnjiníà ní ilé iṣẹ́ Rover nígbà náà. Ó ní oko kan ní erékùṣù Anglesey ní ilẹ̀ Wales, jíìpù Willys tí àwọn ológun ti lò tì ló sì fi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Jíìpù náà ń gbó lọ, kò sì rí ọkọ̀ mìíràn tó lè ṣe iṣẹ́ tó ń ṣe. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé etí òkun Red Wharf Bay ní erékùṣù náà ló wà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Spencer Wilks, tó jẹ́ olùdarí ilé iṣẹ́ Rover, tó fi ya àwòrán ọkọ̀ tó wà lọ́kàn rẹ̀ sórí iyanrìn.

Nígbà tí irin kò tó, wọ́n lo páànù alumíníọ̀mù, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe bàálù. Wọn kò fẹ́ ná owó sórí ẹ̀rọ ńlá tó ń tẹ páànù kọdọrọ, ìdí nìyẹn tí ara ọkọ̀ náà fi tẹ́ pẹrẹsẹ tó sì ní igun. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé tó ṣẹ́ kù lọ́dọ̀ àwọn ológun ni wọ́n fi kun àwọn ti àkọ́kọ́. Nítorí náà, àìní ló fún Land Rover ní ìrísí tí àwọn èèyàn wá ń pè ní ẹwà lẹ́yìn náà.

Ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 1948 ni wọ́n gbé e jáde níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ìlú Amsterdam. Owó rẹ̀ jẹ́ £450. Àgbẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe é fún, torí pé ó ní ibi tí wọ́n lè so ẹ̀rọ oko mọ́, kí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ máa yí ayùn tàbí ẹ̀rọ ìpakà. Ilé iṣẹ́ Rover rò pé ọdún méjì tàbí mẹ́ta péré ni àwọn máa fi ṣe é, kí nǹkan tó rọgbọ, kí àwọn sì padà sídìí mọ́tò àwọn gbajúmọ̀ tó jẹ́ iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ó ju ọdún 67 lọ kí iṣẹ́ náà tó dáwọ́ dúró.

Láàárín àkókò yẹn, wọ́n ń tún un ṣe díẹ̀díẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lóríṣiríṣi. Ní ọdún 1983, wọ́n yọ sípíríǹgì pẹlẹbẹ kúrò, wọ́n fi oníwíwé sí i kí ó má baà máa gbo èèyàn jìgìjìgì mọ́. Ní ọdún 1990 ni wọ́n sọ ọ́ ní Defender, ìyẹn olùgbèjà, kí àwọn oníbàárà má baà ṣì í mú fún Discovery tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1989. Síbẹ̀, ẹni tó mọ ti ọdún 1948 kò ní rí ti ọdún 2015 kó má dá a mọ̀. Ṣáásì irin ṣì wà nísàlẹ̀, páànù alumíníọ̀mù ṣì wà lókè, bí ilẹ̀kùn bá sì tẹ̀, wọ́n á tú nọ́ọ̀tì, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi òmíràn sí i.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ọkọ̀ náà pẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, àwọn ológun, àwọn dókítà inú igbó àti àwọn arìnrìn-àjò débi pé wọn kò rí i mọ́ gẹ́gẹ́ bí ọjà ilé iṣẹ́ kan. Wọ́n rí i bí ohun ìní tiwọn.

OHUN TÓ FA ÒPIN TI ÀTIJỌ́

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2016, Defender àtijọ́ tó kẹ́yìn jáde ní ilé iṣẹ́ tó wà ní Solihull. Iye tí wọ́n ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ 2,016,933. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ àti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì tó bí 700 ni wọ́n pè wá síbi ayẹyẹ ọjọ́ náà.

Òfin ló kọ́kọ́ lé e kúrò lójú pópó. Àwọn òfin ilẹ̀ Yúróòpù lórí èéfín ọkọ̀ ń le sí i lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ náà ni òfin lórí ààbò àwọn tó wà nínú ọkọ̀ àti àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn. Defender àtijọ́ kò fìgbà kankan ní bàlúùnù afẹ́fẹ́ tó máa ń bẹ́ jáde láti dáàbò bo awakọ̀ bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan. Yàtọ̀ sí èyí, ọwọ́ ni wọ́n fi ń to púpọ̀ nínú rẹ̀, owó òṣìṣẹ́ sì ń jẹ èrè rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Tata ti orílẹ̀-èdè Íńdíà, tó ra Jaguar Land Rover lọ́wọ́ Ford ní ọdún 2008, kò lè máa fi ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣòwò títí láé.

Bí ìròyìn pé ó fẹ́ parí ṣe jáde báyìí ni owó rẹ̀ lọ sókè. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, wọ́n ta Defender kan tí wọ́n ṣe láti fi sàmì pé iye rẹ̀ ti pé mílíọ̀nù méjì ní gbàǹjo ní London, ó sì pa £400,000. Ní ọdún 2018, ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kó àwọn Defender àtijọ́ 150 jọ, wọ́n tún wọn ṣe, wọ́n fi ẹ́ńjìnnì alágbára sí wọn, wọ́n sì ń tà wọ́n láti £150,000 lọ sókè. Àwọn olè náà kò sùn. Ilé iṣẹ́ adójútòfò NFU Mutual, tó ń bá àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe, kìlọ̀ léraléra pé àwọn olè ń jí Defender àtijọ́ gbé nínú oko, wọ́n sì ń tú ẹ̀yà ara rẹ̀ tà. Ọkọ̀ tí àgbẹ̀ ń gbé sábẹ́ igi láìti ilẹ̀kùn tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí wọ́n ń fi ṣẹ́ṣẹ́ dè.

Ẹ̀DÙN ỌKÀN ÀWỌN TÓ Ń BÍNÚ

Ìbínú àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2019. Ní ọdún 2011, ilé iṣẹ́ náà gbé àwòṣe kan tí wọ́n pè ní DC100 lọ sí ìpàtẹ Frankfurt, láti fi han aráyé bí Defender tuntun ṣe lè rí. Ariwo ta. Àwọn tó ní Land Rover ní ohun ìṣeré ọmọ olówó létí òkun ni, kì í ṣe ọkọ̀ tí èèyàn lè kó àgùntàn sí. DC100 kò dé ọjà rárá.

Nígbà tí ti ọdún 2019 wá jáde, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n wò ni abẹ́ rẹ̀. Ṣáásì irin tó dá dúró, tí gbogbo ara ọkọ̀ máa ń jókòó lé, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ara ọkọ̀ àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti di ẹyọ kan ṣoṣo tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe. Ásíìlì líle tó lọ tààrà láti táyà kan dé ìkejì náà ti lọ, táyà kọ̀ọ̀kan ń dá gbé ara rẹ̀ sókè sódò. Lójú àwọn alátakò, ṣáásì àti ásíìlì yẹn ni Land Rover. Bí wọ́n bá ti yọ méjèèjì, ohun tó kù kì í ṣe òun mọ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá bọ́ sí ojú rẹ̀. Lórí ti àtijọ́, àwọn tó ń rin ìrìn àjò máa ń kan páànù oníkókó sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí wọ́n lè dúró lé e. Irú rẹ̀ wà lórí tuntun náà, ṣùgbọ́n rọ́bà líle ni, ẹwà ni wọ́n fi ṣe. Wọ́n tún bínú sí pátákó onígun mẹ́rin kan tó bo apá kan gíláàsì ẹ̀gbẹ́, wọ́n ní kò wúlò fún nǹkan kan. Kò sí jíà tí awakọ̀ ń fọwọ́ pààrọ̀, ọkọ̀ ló ń pààrọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Iye owó rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i lójú, fún oníjókòó gígùn tí wọ́n ń pè ní 110, bẹ̀rẹ̀ láti £45,240. Kì í sì í ṣe Solihull ni wọ́n ti ń ṣe é mọ́, ìlú Nitra ní orílẹ̀-èdè Slovakia ni. Èyí dun àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ju gbogbo ìyókù lọ.

Ṣùgbọ́n èyí tó wọ̀ wọ́n lákínyẹmí ara ni ọ̀rọ̀ àtúnṣe. Ẹni tó bá ní Defender àtijọ́, àpótí irinṣẹ́ kan àti sùúrù tó o. Bí ó bá dákú sínú igbó, á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á rí ohun tó ń ṣe é. Ti tuntun, kọ̀ǹpútà ló so ẹ́ńjìnnì, jíà, bíréèkì àti sípíríǹgì rẹ̀ pọ̀. Bí iná pupa bá tàn níwájú awakọ̀, kọ̀ǹpútà mìíràn ló máa sọ ohun tó fà á. Àwọn alátakò béèrè pé ta ni yóò gbé kọ̀ǹpútà náà wá sí àárín aṣálẹ̀?

Ìbéèrè yìí kò jìnnà sí àwa náà. Àwọn mẹkáníìkì tó wà ní àwọn ìlú kéékèèké wa mọ ohun tí ojú wọn ń rí bí ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó kún fún wáyà bá dé ọwọ́ wọn. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lórí ọkọ̀ àtijọ́, tó lè fi etí gbọ́ àìsàn ẹ́ńjìnnì, á wá máa dúró de ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń yẹ ọpọlọ ọkọ̀ wò.

ÀWỌN TÓ GBÈ É LẸ́YÌN NÁÀ LỌ́RỌ̀

Gerry McGovern, tó jẹ́ olórí àwọn tó ń ya ìrísí ọkọ̀ fún Land Rover nígbà náà, dá wọn lóhùn pé ọkọ̀ tuntun náà bọ̀wọ̀ fún ti àtẹ̀yìnwá, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ó so òun lọ́wọ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní kí wọ́n yé fi ojú àná wo òní. Wọ́n ní ẹni tó ń sunkún ti àtijọ́ ti gbàgbé bí òjò ṣe ń jò sí i lára nínú rẹ̀, bí ìgúnpá rẹ̀ ṣe ń gbá ilẹ̀kùn, àti bí ariwo rẹ̀ kì í ṣe é jẹ́ kí ẹni méjì sọ̀rọ̀ gbọ́ ara wọn.

Wọ́n tún ní kí wọ́n wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Defender tuntun lè la omi tó jìn tó 900 mílímítà kọjá, ó sì lè fa ẹrù tó wúwo tó 3,500 kílógíráàmù. Àwọn tó ń dán ààbò ọkọ̀ wò ní Yúróòpù, ìyẹn Euro NCAP, fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún ní ọdún 2020, iye tó ga jù lọ. Ní ọdún 2021, ó gba àmì ẹ̀yẹ ọkọ̀ tí ìrísí rẹ̀ dára jù lọ lágbàáyé. Wọ́n tún mú àwọn nǹkan kan wá láti ilé bàbá rẹ̀: táyà àpọ́jù ṣì wà lẹ́yìn, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣì ń ṣí sí ẹ̀gbẹ́, ẹni tó bá sì fẹ́ lè ní ìjókòó kẹta láàárín awakọ̀ àti ẹnìkejì rẹ̀ níwájú, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà láyé àtijọ́.

Ọjà náà sì sọ tirẹ̀. Láàárín ọdún ìṣúná 2023 sí 2024, Defender tí ilé iṣẹ́ náà tà lé ní 100,000, ó sì di ọkọ̀ tó ń lọ lọ́wọ́ wọn jù. Ti àtijọ́ kò sún mọ́ iye yẹn rí lọ́dún kan. Ṣùgbọ́n àwọn alátakò ní ohun tí àwọn ń sọ gan-an nìyẹn: pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń rà á, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wọn ni wọ́n ń gbé e lọ, kì í ṣe oko.

OLÓWÓ KAN NÍ ÒUN Á ṢE TÒUN

Nínú gbogbo àwọn tó bínú, ẹnì kan wà tí ìbínú tirẹ̀ ní owó nínú. Sir Jim Ratcliffe, ọ̀gá ilé iṣẹ́ kẹ́míkà Ineos, ni. Àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù wa mọ̀ ọ́n dáadáa, òun ló ra ìpín nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Manchester United ní ọdún 2024. Nígbà tí Defender àtijọ́ fẹ́ kógbá wọlé, ìròyìn ní ó lọ bá ilé iṣẹ́ náà pé kí wọ́n jẹ́ kí òun máa bá a lọ, wọn kò gbà. Ní ọdún 2017, ó kéde pé òun á ṣe irú rẹ̀. Ó sọ ọ́ ní Grenadier, orúkọ ilé ọtí kan ní London.

Jaguar Land Rover gbìyànjú láti fi orúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin pé ìrísí Defender àtijọ́ jẹ́ tiwọn nìkan. Àjọ tó ń rí sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀, ilé ẹjọ́ gíga sì fi òǹtẹ̀ lù ú ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020. Ohun tí ìdájọ́ náà dúró lé ni pé ìyàtọ̀ tí àwọn onímọ̀ ọkọ̀ kà sí pàtàkì lára Defender, ará ìlú lásán lè má tiẹ̀ kíyè sí i. Ẹ ò rí nǹkan. Àwọn olólùfẹ́ tó lè fi ojú lásán sọ ọdún tí wọ́n ṣe Land Rover kan, òfin ní kì í ṣe ojú wọn ni òun fi ń wo nǹkan.

Grenadier ní ṣáásì irin, ó ní ásíìlì líle, bọ́tìnnì rẹ̀ tóbi débi pé ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ lè tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ohun tí àwọn alátakò ń béèrè ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ní. Ṣùgbọ́n òun náà kò bọ́ lọ́wọ́ ayé tuntun. Ẹ́ńjìnnì BMW ti Jámánì ló wà nínú rẹ̀, ọkọ̀ ló ń pààrọ̀ jíà rẹ̀ fúnra rẹ̀, owó rẹ̀ sì kọjá agbára ọ̀pọ̀ àgbẹ̀. Wọ́n ti kọ́kọ́ sọ pé Bridgend ní Wales ni àwọn yóò ti máa ṣe é, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ kan ní Hambach lórílẹ̀-èdè Faransé ni wọ́n padà rà, ibẹ̀ ni iṣẹ́ sì ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022. Ní ọdún 2024, ilé iṣẹ́ Recaro tó ń ṣe ìjókòó rẹ̀ wọ gbèsè, iṣẹ́ Grenadier sì dúró fún oṣù mélòó kan nítorí ìjókòó lásán.

TA LÓ JÀRE?

Bí a bá wò ó dáadáa, ìhà méjèèjì ló gbé òótọ́ dání. Òfin kò ní gbà kí wọ́n padà sí ọkọ̀ tí kò lè dáàbò bo ọmọ tó jókòó sínú rẹ̀, kò sì sí òbí tó yẹ kó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ṣe Defender tuntun kò purọ́ pé ó lágbára. Ṣùgbọ́n agbára ọkọ̀ yàtọ̀ sí agbára ẹni tó ni ín. Land Rover ti ọdún 1948 fi agbára náà sí ọwọ́ àgbẹ̀. Ti òní fi í sí ọwọ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ohun tí àwọn olólùfẹ́ náà ń sunkún nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹwà ni púpọ̀ nínú wọn fi sọ ọ́.

Ọkọ àyà Ọbabìnrin Elizabeth, Ọmọba Philip, kò bá wọn pariwo, ṣùgbọ́n ó fi ìwà sọ tirẹ̀. Land Rover Defender kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 2003 ló ní kí wọ́n tún ṣe kí ó lè gbé pósí òun. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń sọ bí òun ṣe fẹ́ kí wọ́n ṣe ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé dúdú ti àwọn ológun kùn ún. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin ọdún 2021, nígbà tí Defender tuntun ti wà lọ́jà, àgbà ìràn yẹn ni wọ́n fi gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Windsor, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń fẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé e.